Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Skáànù Alágbèéká Wo Iṣan Ọrùn Níbi Àyẹ̀wò Ọkàn

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò), ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìṣarà, ẹ̀yin ni mo kọ eléyìí fún. Níbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tá a máa ń ṣe, yálà ti Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni o, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, bípì (ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) àti ṣúgà la sábà máa ń wò, a ó kọ nọ́ńbà sínú páálí, ó parí. Ó dáa, àmọ́ bípì nìkan ò lè sọ bóyá ọkàn ti ń rẹ̀, ẹlòmíì wà tí bípì ẹ̀ á ti wálẹ̀ débi tó dáa lójú torí pé ọkàn ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹ ó sì ní kó máa lọ sílé pé ara ẹ̀ dá ṣáká, nígbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn díẹ̀ kó má mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì jìnnà sí wa. Abẹ́òkúta níbí làwọn dókítà ọkàn ti kó àkọsílẹ̀ èèyàn 452 jọ, àwọn tí wọ́n gbé wá sọ́sibítù nítorí ọkàn tí kò lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e jáde ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ba ọkàn jẹ́ fún 78.5% nínú wọn. Ìyẹn ni pé nǹkan bí èèyàn mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru tá à ń wò lábẹ́ ténté lójoojúmọ́ yìí náà ni o. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká máa wo ọrùn, pàápàá fún àwọn tí bípì wọn ti ga tipẹ́, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, àwọn tó ń fi ìrọ̀rí méjì mẹ́ta sùn torí pé èémí ò jẹ́ kí wọ́n lè fẹ̀yìn lélẹ̀, àti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí èémí ẹ̀ ń hán.

Kí ni ọrùn fẹ́ sọ fún wa

Iṣan àbọ̀ ńlá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti orí padà sínú ọkàn. Ti ọwọ́ ọ̀tún ló dáa jù láti wò, torí ó lọ tààrà sínú ọkàn láìyà sọ́tùn-ún sósì. Tí ọkàn bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ tó dé ibẹ̀ á wọlé kíá. Tí kò bá lè gbé e, ẹ̀jẹ̀ á ró padà sókè bíi gọ́tà tí nǹkan dí nísàlẹ̀, iṣan ọrùn á sì kún. Bó ṣe kún ga tó la fẹ́ wọ̀n.

Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí dókítà fi ojú lásán wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń mì dé lọ́rùn. Dókítà Thomas Lewis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ìwọ̀n yẹn kalẹ̀ ní 1930: ẹ wọn gíga ibi tí iṣan kún dé sí eegun àyà, ẹ fi 5 kún un, sẹ̀ǹtímítà omi la fi ń ka èsì, ìyẹn bí omi ṣe máa ga tó tí agbára ẹ̀jẹ̀ yẹn bá tì í sókè. Ọgbọ́n náà ṣì dúró títí dòní. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lọ́rùn ẹni tó sanra, tàbí tó kúrú lọ́rùn, tàbí nínú yàrá tí iná ò tó, ojú lásán kì í rí nǹkan kan. Skáànù kékeré tí wọ́n ń fi sára fóònù, irú Butterfly iQ, ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn.

Ohun tí ẹ ó kó dání

Skáànù tó ń wo nǹkan tó wà nítòsí awọ ara lẹ fẹ́. Tó bá jẹ́ èyí tó ní próòbù (ibi tí wọ́n ń gbé lé ara) orísiríṣi, ẹ mú èyí tí ojú ẹ̀ gún gbọọrọ, kì í ṣe èyí tó tẹ̀ kọrọdọ tí wọ́n fi ń wo oyún. Tó bá jẹ́ oníkan ṣoṣo tó ń wọ fóònù, ẹ wọ inú ápù ẹ̀, ẹ yan iṣan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ẹ̀lì skáànù (ẹ má lo òróró tàbí Vaseline o, ó máa ń ba ojú próòbù jẹ́), tíṣù, rúlà méjì, bírò tó ń parẹ́ lára, ẹ̀rọ bípì, ìrọ̀rí tó le díẹ̀, àti aṣọ tó ṣú tí ẹ lè fi bo orí fóònù. Aṣọ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí lábẹ́ ténté lọ́sàn-án gangan oòrùn kì í jẹ́ kéèyàn rí ohun tó wà lójú fóònù, ẹ ó kàn máa fọ́jú wò ni. Skáànù máa ń jẹ bátìrì gan-an, ẹ fi iná kún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé NEPA láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọrùn ẹnikẹ́ni

Ẹ kí èèyàn dáadáa, ẹ jẹ́ kó jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wo bípì ẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì. Ní Sábó Ṣágámù, níbi tí obì ti pọ̀ nílẹ̀, ìbéèrè yẹn kì í ṣeré, torí obì máa ń gbé bípì sókè, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó wò ó. Ẹ bi í nípa èémí, ẹsẹ̀ wíwú, àyà dídùn, oògùn tó ń lò.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Ọrùn kì í ṣe apá, ẹlòmíì ò fẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀, pàápàá àwọn ìyá wa tó fi ìlẹ̀kẹ̀ àti gèlè jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló ń mú un rọrùn: “Ẹ kú ìjókòó mà. Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ kékeré yìí wo iṣan ọrùn yín, kò ní dùn yín, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí iná. Omi tútù díẹ̀ ni mo máa fi síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè bá yín tú ìlẹ̀kẹ̀ yìí, kí n sì fi sọ́wọ́ yín?” Ẹ fi sọ́wọ́ wọn o, ẹ má gbé iyùn èèyàn sórí tábìlì yín. Alàájà tó bá fẹ́ kí obìnrin ṣe é fún òun, ẹ jẹ́ kí obìnrin ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: bẹ́ẹ̀dì

Ẹni náà á fẹ̀yìn tì, kì í ṣe pé kó sùn sílẹ̀ pátápátá, kì í sì ṣe pé kó jókòó gan-an. Àárín méjèèjì ni, láti dígírì 30 sí 45. Tí kò bá sí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ fi àga onírọ̀gbọ̀kú tàbí ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn láti ìdí títí dé orí, kó má lọ jẹ́ pé orí nìkan ló gbé sókè tí ọrùn wá ká. Ẹ̀rọ ìwọ̀n igun wà lórí fóònù púpọ̀, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wo iye tó jẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yíjú díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, díẹ̀ ni mo wí, torí tó bá yí i jù, ẹran ọrùn á le, á sì fún iṣan pa. Kó tú bọ́tìnì ọrùn, kó sinmi èjìká, kó máa mí bó ṣe máa ń mí.

Ìgbésẹ̀ kejì: eegun àyà

Ẹ fi ìka sínú kòtò tó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun, ẹ fà á wálẹ̀ lórí eegun àárín àyà. Bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀ ẹ ó kan ibì kan tí eegun ti yọ díẹ̀, tó dábùú. Níbẹ̀ ni eegun ìhà kejì ti so mọ́ ọn. Ẹ fi bírò sàmì sí i. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, tẹ́ ẹ bá ṣì í, gbogbo ohun tó kù á ṣì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọwọ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí wà. Iṣan àbọ̀ rọ̀, awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́, ìtẹ̀ díẹ̀ báyìí ó ti pa dé. Ẹni tó bá fi agbára tẹ próòbù mọ́lẹ̀ á rò pé iṣan ò kún, á kọ nọ́ńbà tó dáa sílẹ̀, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti ń kú lọ á sì máa lọ sílé. Nọ́ńbà tí kò tọ́ burú ju kí ẹ má wọ̀n ọ́n rárá lọ, torí ó ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Nítorí náà ẹ fi jẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i, kó nípọn láàárín próòbù àti awọ. Ẹ fi ọmọńdinrín yín gbára lé eegun tó dábùú lókè àyà lábẹ́ ọrùn, kí ìwúwo ọwọ́ yín lè wà níbẹ̀, kí próòbù kàn máa léfòó lórí jẹ́ẹ̀lì ni. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdú jẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù láàárín próòbù àti awọ lójú fóònù, ọwọ́ yín ti fúyẹ́ tó. Ẹ fi ara yín dán an wò ná kẹ́ ẹ tó lọ bá aláìsàn: ẹ fẹ̀yìn tì, kí ẹnì kejì yín fi próòbù sí yín lọ́rùn, kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ jọ máa wo bí iṣan ṣe ń fún pọ̀. Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí i pé ìka kan ṣoṣo ló pa iṣan dé kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ dúró lápá ọ̀tún ẹni náà, ẹ fi próòbù dábùú ọrùn lápá ọ̀tún, lókè eegun tẹ́ ẹ gbára lé yẹn. Àmì tó wà lára próòbù kó kọjú sí apá ọ̀tún ẹni náà, kí àmì ojú fóònù wà lápá òsì fóònù. Ẹ gbé jíjìn ẹ̀ sí bíi sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4. Ihò dúdú méjì lẹ ó rí. Èyí tó sún mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, tó rí roboto, tí ògiri ẹ̀ nípọn, tó ń lù kìkì, tí kì í fún pọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iṣan àlọ nìyẹn, òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lápá òde, tí kò rí roboto tán, tó ń tóbi tó ń kéré bí ẹni náà ṣe ń mí, tó pa dé kíá tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tìn-ín báyìí, òun là ń wá. Ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ fi mọ èyí tó jẹ́ èwo nìkan lẹ lè tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbé ọwọ́ padà. Àwọn kan máa ń gba àwọ̀ pupa àti búlúù ojú skáànù gbọ́, pé pupa ni iṣan àlọ. Rárá o. Àwọ̀ yẹn ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ sọ́dọ̀ próòbù ni àbí ó ń lọ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yí próòbù díẹ̀ àwọ̀ náà á yí.

Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí iṣan àbọ̀ ò fún pọ̀ rárá, tàbí ẹ rí nǹkan tó dà bíi ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ má yí i, ẹ fi ẹni náà ránṣẹ́ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kẹ́ ẹ wá ibi tó parí sí

Láti ìsàlẹ̀ ọrùn, ẹ máa rọra fà próòbù lọ sókè síbi eegun àgbọ̀n, ẹ má sáré. Bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè, iṣan àbọ̀ á máa kéré. Ibi tó ti kéré ju iṣan àlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ, bó ti wù kí ẹni náà mí sínú tàbí síta, ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ fi bírò sàmì sí awọ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ara yín lójú, ẹ yí próòbù kó dúró lóòró, ẹ ó rí i bí iṣan ṣe fẹ̀ nísàlẹ̀ tó wá tín-ín-rín lókè.

Tẹ́ ẹ ò bá rí i rárá, kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ẹ dẹ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ díẹ̀, kó tó dígírì 20 tàbí kó sùn sílẹ̀ pátápátá, tó bá ti lè sùn bẹ́ẹ̀, á yọ. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà mú gbẹ, iṣan wọn lè ṣófo bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ó kún dé abẹ́ àgbọ̀n tẹ́ ẹ ò rí ibi tó parí sí, ẹ gbé ẹni náà jókòó ṣánṣán, ẹ tún wò ó. Tó bá jókòó gan-an tí iṣan ṣì kún lókè eegun tó dábùú lábẹ́ ọrùn yẹn, ẹ má wulẹ̀ wá nọ́ńbà kiri, ó ti ga nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: rúlà

Ẹ gbé rúlà kan dúró ṣánṣán lórí àmì eegun àyà, kó kọjú sókè sí òrùlé, kì í ṣe kó tẹ̀ lé ọrùn. Ẹ gbé rúlà kejì gbalaja láti àmì ọrùn kó wá kan èyí tó dúró. Ibi tí wọ́n ti pàdé lẹ ó ti ka nọ́ńbà. Ẹ fi 5 kún un. Ká sọ pé ó jẹ́ 2, ó di 7, ìyẹn dáa. Ká sọ pé ó jẹ́ 6, ó di 11. Ohun tó bá ti ju 3 lọ lórí eegun àyà, tó wá ju 8 lọ lápapọ̀, ó ga. Dókítà kan lè bá yín fi ìwọ̀n mẹ́kúrì sọ̀rọ̀ bíi ti bípì, ẹ ṣáà pín nọ́ńbà yín sí 1.36, 8 á di nǹkan bíi 6.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: 5 tá à ń fi kún un yẹn, ẹni tó fẹ̀yìn tì, jíjìn ọkàn ẹ̀ sí eegun àyà sábà máa ń ju 5 lọ. Torí náà tí nọ́ńbà yín bá ṣì, ó sábà máa ń kéré ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ẹni tó jẹ́ 8 tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú tí èémí ẹ̀ ń hán, ẹ má sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ ju rúlà lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ọ̀nà kejì

Ọ̀nà kan wà tí kò nílò rúlà. Ẹ di próòbù mú sójú kan lókè eegun tó dábùú lábẹ́ ọrùn, ẹ wọn bí iṣan àbọ̀ ṣe fẹ̀ tó láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú fóònù nígbà tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mí síta tán. Ẹ wá ní kó di ẹnu àti imú, kó wá fi agbára tẹ inú bí ìgbà tí ìgbẹ́ bá le, fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Iṣan á fẹ̀. Ẹ wọn ibi tó fẹ̀ jù, ẹ pín in sí ti àkọ́kọ́. Lára ẹni tí ọkàn ẹ̀ dáa, ó sábà máa ń fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: 0.2 di 1.0, ìlọ́po márùn-ún nìyẹn. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti há sí i lára, iṣan ti kún tẹ́lẹ̀ ni, kò sí ibi tó fẹ́ fẹ̀ lọ mọ́: 0.8 di 1.0 péré. Ẹ má ní kí ẹni tí àyà ń dùn ṣe é o, tàbí ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún, tàbí ẹni tí bípì ẹ̀ ga gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò lè ṣe é, ẹ ní kó fa imú lẹ́ẹ̀kan kíá. Iṣan tó dáa á pa dé lójú ẹsẹ̀, èyí tí kò mì rárá lẹ máa kọ sílẹ̀.

Àwọn tó lè ṣi yín lọ́nà

Ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀, iṣan lè fún pọ̀ lábẹ́ ẹ̀, tàbí kó yẹ̀ kúrò níbi tẹ́ ẹ ti ń retí ẹ̀. Ẹni tó ní ásímà tàbí tó mu sìgá fún ọdún púpọ̀, bó ṣe ń ti èémí jáde, iṣan á kún gidi, bó ṣe ń fà á sínú, á pa dé, ẹ dúró wo bó ṣe ń mí lọ mí bọ̀ kẹ́ ẹ tó sàmì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń wò ó náà ńkọ́? Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀rín ń gbé iṣan yẹn sókè. Ẹni tí iṣan ọrùn àti ojú ẹ̀ kún tó wú tí kò sì mì rárá, nǹkan lè di ọ̀nà lókè àyà ni, dókítà ló ni ìyẹn. Bákan náà, ẹ̀rọ yìí kì í sọ ìdí. Ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, omi tó pọ̀ jù lára, gbogbo wọn lè gbé e ga. Torí náà ẹ má sọ fún aláìsàn pé “ọkàn yín ti bà jẹ́.” Ẹ sọ pé ẹ rí ohun kan tó yẹ kí dókítà fi ẹ̀rọ ńlá wò, kó sì tètè wò ó.

Ìwé tẹ́ ẹ ó fún wọn

Ẹ kọ ọjọ́, igun bẹ́ẹ̀dì, nọ́ńbà iṣan, bípì, iye tí ọkàn ń lù, bí ẹsẹ̀ ṣe rí, bí èémí ṣe rí, oògùn tí wọ́n ń lò. Nọ́ńbà iṣan láìsí igun bẹ́ẹ̀dì ò wúlò fún dókítà.

Ẹni tí èémí ń hán nígbà tó jókòó, tí àyà ń dùn, tó ń dákú, ẹ má ní kó lọ sílé mú owó wá. Ẹ pe mọ́tò. Ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ ga ṣùgbọ́n tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ wa a ní ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ OOUTH ní Ṣágámù, a sì ní ti Babcock ní Ìlíṣàn. Ẹ kọ orúkọ ọsibítù kan pàtó sínú ìwé, pẹ̀lú kíníìkì tí wọ́n máa lọ. “Ẹ lọ rí dókítà” lásán kì í gbé ìyá àgbà kúrò nílé. Ẹ má dá oògùn bípì wọn dúró, ẹ má sì fi oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ ránṣẹ́ sí wọn láìsí dókítà. Iyọ̀ àti magí inú ìkọ́kọrẹ́ àti ọbẹ̀, ìyẹn lẹ lè bá wọn sọ lónìí kí wọ́n dín in kù.

Lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan ẹ nu jẹ́ẹ̀lì kúrò, ẹ fi ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí nu próòbù, kì í ṣe gbogbo sípírítì ló dáa fún ojú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ìgò jẹ́ẹ̀lì kan ara èèyàn. Tí fóònù bá gbóná, ẹ gbé e síbi tútù, kẹ́ ẹ máa wo bípì àwọn tó kàn ná.

Ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn, àti ti ọmọ kan tó wà nílé. Lọ́jọ́ keje ẹ pè. Tí wọn ò bá tíì lọ, ẹ má bínú, ẹ bi wọ́n ohun tó dá wọn dúró, ṣé owó mọ́tò ni, àbí kò sí ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn, àbí ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ẹ pe ọmọ náà sí i, kẹ́ ẹ jọ mú ọjọ́ tí wọ́n á lọ.